Aṣọ Tó Ń Ṣojú Mi

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bínú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀! Èmi tí mo máa ń bínú sí ìgbálẹ̀, tí mo máa ń bá òjò jà, èmi tí ìyá mi máa ń sọ nígbà ayé wọn pé bí wọ́n bá gbé omi lé mi lórí, yóò hó. Èmi ni dókítà dúró tì lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń sọ fún mi pé bí inú bá bí mi, ẹ̀jẹ̀ mi á tún ru, gìrì á sì tún mú mi. Mo wò ó títí. Mo ní mo ti gbọ́. Inú sì ti ń bí mi kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló jẹ́ kí wọ́n sáré gbé ọmọ mi jáde kí oṣù rẹ̀ tó pé. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, èmi àti ọmọ la jọ máa lọ. Wọ́n gbé e kọjá níwájú mi fìrí. Mo rí orí kan tí kò ju ọsàn lọ, mo rí ẹsẹ̀ kan tó ń ta nínú afẹ́fẹ́, ó tán. Nígbà tí mo tún mọ ibi tí mo wà, wọ́n ti rán ikùn mi, yàrá ti ṣókùnkùn, kò sí oyún nínú mi, kò sì sí ọmọ lọ́wọ́ mi. Obìnrin ni, wọ́n ní.

Yàrá ìpẹ̀kun ni wọ́n fi mí sí, torí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ kò dára fún irú àìsàn mi. Kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé láti òkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ìgò omi kan, èmi. Àwọn ìyá yòókù wà pa pọ̀ nínú yàrá ńlá, mò ń gbọ́ wọn láti ọ̀nà jíjìn: wọ́n jọ ń fún ọmú sínú ìgò, wọ́n jọ ń bú ọkọ wọn, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Tó bá di àkókò, wọ́n á dìde, wọ́n á gba àgbàlá kọjá lọ sí ilé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lódìkejì, ariwo wọn á sì dákẹ́. Èmi kì í dìde. Bí mo bá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ilé á máa yí. Ojú ọgbẹ́ ikùn mi náà kò tètè san. Àwọn tó bá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn máa ń kí mi kú ewu ọmọ, èmi á sì máa rò ó lọ́kàn mi pé ewu wo ló ti lọ tí ẹ fi ń kí mi?

Ọkọ mi wà lórí òkun, nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù láti èbúté kan dé òmíràn. Ìgbà tó bá wu òkun ni fóònù rẹ̀ máa ń wọlé. Tó bá sì wọlé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé Màmá wà níbẹ̀?" Bí mo bá ní wọ́n wà, á mí kanlẹ̀, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni oògùn tí dókítà ní kí n lò. Mo máa ń fẹ́ sọ fún un pé mo dá wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, láìfi ọ̀rọ̀ kankan dí i: mo dá wà, ọwọ́ mi ṣófo, ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí omi, kí ló fẹ́ ṣe sí i? Màá ní ara ń yá.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ mi, ẹnu ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣe olórí ilé àwọn ọmọ náà ló sọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ-Rọra ni gbogbo wa ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, torí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe tí kò ní sọ fún un pé kó rọra. Ẹ rọra tilẹ̀kùn. Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n ní dókítà kan sín lọ́jọ́ kan, ó ní kó rọra sín.

Ẹ-Rọra máa ń kọjá sọ́dọ̀ mi tó bá ti fẹ́ lọ sílé. Ó ní ọmọ mi wà nínú àpótí gíláàsì tó ń mú un móoru. Rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní omi ọmú mi díẹ̀díẹ̀. Okùn ẹ̀rọ kan sì lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ tó ń ṣọ́ bó ṣe ń mí, torí pé ó máa ń gbàgbé.

"Gbàgbé kí ni?" mo bi í.

"Ó máa ń gbàgbé láti mí."

"Báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé láti mí?"

"Ẹ rọra. Ọpọlọ rẹ̀ ò tíì gbó ni. Inú yín ló yẹ kó ṣì wà, ta ló sì ń mí níbẹ̀? Á mí, á mí, tó bá wá sùn wọra, á gbàgbé. Ẹ̀rọ á ké, a ó fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, á sì rántí. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Tiyín kàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ ni. Onígbàgbé là ń pè é."

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún. Ọmọ tó ń gbàgbé èémí ara rẹ̀, ṣé èmi tí kò rí rí ni yóò wá rántí? Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, ó sì ju ìbẹ̀rù gìrì lọ: pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àlejò ni mo máa jẹ́ lójú ọmọ tí mo bí.

Mo rò pé Ẹ-Rọra rí i lójú mi, torí nígbà tó tún padà wá, ó mú aṣọ kékeré méjì dání, rírọ̀, funfun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó ní kí n ki ọ̀kan sáyà mi, kí ó bá mi sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, Màmá yóò wá gbà á, wọn yóò gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ, òun á sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ imú ọmọ nínú àpótí. Èmi á ti ki èkejì sáyà. Bẹ́ẹ̀ la ó máa pààrọ̀ wọn.

"Ojú rẹ̀ ò tíì ríran dáadáa," ó ní, "ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ti gbọ́n. Òórùn yín ló máa fi mọ̀ yín. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ rán òórùn yín lọ."

Inú mi dùn débi pé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, aṣọ yẹn di iṣẹ́ mi. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, màá tún fi nu abẹ́ ọmú mi. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń rán an níṣẹ́: sọ fún un pé mò ń bọ̀, sọ fún un pé kì í ṣe pé mi ò fẹ́ wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn ara mi àti ti omi ọmú á ti wọ̀ ọ́ dáadáa, kò dára nímú ẹlòmíì o, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín. Aṣọ náà ló ń ṣojú mi.

Màmá ló máa ń wá gbà á. Màmá, ìyá ọkọ mi. A ò jà rí. Ká sọ òótọ́, ì bá sàn ká ti jà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá kí wa nílé lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n fi ìnujú wọn nu àga kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n fọ àwo tí mo ti fọ̀, wọ́n wá fọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n, ojú ń tì mí, inú ń bí mi. Ọ̀bùn ni wọ́n ń pè mí láìla ẹnu, ohun tí mo rò nìyẹn. Láti ìgbà náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mò ń pè wọ́n nínú ikùn mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wá ṣẹlẹ̀, àwọn náà ló wá. Wọ́n gbé báàgì kékeré kan dé, ìdajì rẹ̀ ọṣẹ. Lárààárọ̀, wọ́n á yọjú, wọ́n á dúró jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gba ìgò omi ọmú, wọ́n á gba aṣọ.

"Ìyàwó, ṣé o sùn?"

"Mo sùn, Màmá."

"Ó dáa."

Ká tó tún ríra, á di ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ti ilé àwọn ọmọ dé. Wọ́n á ní, "Ó ń mí. Ó wà dáadáa." Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà kì í bèèrè.

Mo ní ìdí tí mi ò fi ń bèèrè. Obìnrin kan wà nínú yàrá ńlá, ìbejì ló bí, Ìyá Ìbejì là ń pè é, ẹnu rẹ̀ ò sì ní ìdérí. Òun ló yọ orí sínú yàrá mi lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ti ní kí Màmá yín wá máa gbé ọmọ sáyà o! Nígbà tí ẹ̀yin ò lè dìde. Ẹ-Rọra ní tí ara bá kan ara, wọ́n máa ń tètè dàgbà. Ọlọ́run ṣe é, ẹ ní ìyá ọkọ. Èmi, ìyá ọkọ tèmi, tí wọ́n bá rí iṣẹ́, àìsàn dé."

Mo ní mo dúpẹ́. Ó lọ. Mo yíjú sí ògiri.

Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Mò ń rí i lọ́kàn mi: ọmọ mi láyà wọn, imú rẹ̀ nínú òórùn ọṣẹ, tó ń kọ́ èèyàn mìíràn sórí. Èmi, aṣọ ni mo fi ránṣẹ́. Àwọn, ara wọn ni wọ́n gbé lọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé, tí wọ́n ní ó ń mí, mo máa ń wo àyà bùbá wọn bóyá màá rí ibi tí orí rẹ̀ wà. Dókítà á fi ẹ̀rọ dì mí lápá, á wo iye tí ẹ̀jẹ̀ mi wà, á mi orí. Ó ní kí ló ń bí mi nínú? Mo ní kò sí.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nìyẹn. Ara ẹni kì í gbọ́ràn síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n tèmi padà gbọ́. Orí fífọ́ dẹ̀. Ilé ò yí mọ́. Ọgbẹ́ gbẹ. Dókítà wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tún un wò, ó ní, "Ó dáa. Lónìí, ẹ lè lọ wo ọmọ yín. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé yín, kẹ́ ẹ sì máa rìn jẹ́jẹ́."

Màmá ti wá gba aṣọ ní ìdájí, wọ́n ti lọ. Mo dìde. Mo di ògiri mú. Mo ronú pé kí n tó jáde, kí n kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run, tí mo ti gbàgbé bó ṣe rí. Mo fa kọ́tìnnì sẹ́yìn.

Okùn aṣọ kan wà lẹ́yìn fèrèsé mi gan-an. Kò sí nǹkan lórí rẹ̀ àfi aṣọ kékeré kan, funfun, tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì méjì há, tí kò tíì gbẹ tán. Màmá dúró tì í. Wọ́n ń lé eṣinṣin fún un. Wọ́n nà án, wọ́n yí i padà kí òdìkejì lè rí oòrùn, wọ́n sì tún fi pẹ́ẹ̀gì há a dáadáa.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta.

"Ìyàwó!" Màmá rí mi, ojú wọn tàn. "O dìde! O rìn wá! Ẹ̀ẹ̀, ṣé wọ́n ní kó o jáde?"

"Màmá, aṣọ yẹn ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Oòrùn òní dára. Tó bá ti gbẹ, kíá ni màá gbé e lọ."

"Ẹ fọ̀ ọ́ ni?"

"Ṣé mo lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀ ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́, mo máa ń ṣan án títí ọṣẹ á fi kúrò. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n sá a. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan tó fi bo ẹnu ò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já geere, ẹ̀rọ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ó ní aṣọ yìí gbọ́dọ̀ ní oòrùn dáadáa kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó ní oòrùn ló ṣe pàtàkì jù. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ọmọ tí ibà pọ́njú bá mú, ṣebí oòrùn la máa ń gbé e sí."

Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Nígbà tó yé mi, orí mi wú.

"Òórùn," mo ní. "Màmá, òórùn ló wí. Kì í ṣe oòrùn. Òórùn! Òórùn ara mi! Kí ọmọ lè gbọ́ òórùn mi!"

Wọ́n ṣí ẹnu. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé ahọ́n, wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbé e wálẹ̀. "Oòrùn," wọ́n ní jẹ́jẹ́. "Òórùn." Ọwọ́ wọn sì já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Inú bí mi. Ó bí mi débi pé mò ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi létí. Gbogbo òru tí mo fi tẹ aṣọ yẹn mọ́ra, gbogbo iṣẹ́ tí mo rán an, gbogbo rẹ̀ ló bá omi ọṣẹ lọ sínú gọ́tà lẹ́yìn fèrèsé mi. Ẹnu mi sì ṣe ohun tó máa ń ṣe.

"Ẹ gbé ọmọ mi sáyà ní gbogbo ìgbà yìí, kò tó yín! Ó tún ku kẹ́ ẹ fọ èmi dànù kúrò lára aṣọ!"

"Sáyà?" wọ́n ní. "Èmi?"

"Ìyá Ìbejì sọ fún mi. Ẹ-Rọra ní kẹ́ ẹ máa gbé e."

"Ó wí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbé e." Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó ti funfun, ó ti hun jọ nítorí omi. "Ìyàwó, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo máa ń fún wọn ní omi ọmú, mo máa ń fún wọn ní aṣọ, màá wá dúró lẹ́yìn gíláàsì. Màá wò ó bó ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n bá lé wa jáde, màá wá sọ fún ẹ pé ó ń mí."

Mo di okùn aṣọ mú.

"Mo bí ọ̀kan kí n tó bí ọkọ rẹ," wọ́n ní. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò, aṣọ ni wọ́n ń wò. "Oṣù rẹ̀ kò pé. Kò sí àpótí nígbà tiwa, òwú la fi wé e. Ọmọ náà gbìyànjú. Ara rẹ̀ wá gbóná, ó sì lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ mú ọwọ́ mi, ó wò ó, ó ní ìdọ̀tí ọwọ́ mi ló pa á. Kò pariwo mọ́ mi o. Ó kàn sọ ọ́ lásán, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tèmi tàn mí."

"Ṣé ọmọ yín mọ̀?"

"Bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti lọ."

Mo rántí àwọn àwo mi, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ wọ́n láìwo ẹ̀yìn. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń dúró jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì mi lárààárọ̀, tí mo sì ń rò pé ìríra ni. Ìbínú mi ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé, kò rí. Àánú wọn ṣe mí, àánú ara mi náà ṣe mí, èyí tó ṣe mí jù ni ti ọmọ yẹn. Èmi nínú òkùnkùn níhìn-ín, àgbà kan lẹ́yìn gíláàsì lọ́hùn-ún. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, ó kàn ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

"Kò gbọ́ òórùn mi rí," mo ní. "Kò gbọ́ tiyín rí. Òórùn kí ló wá mọ̀?"

Màmá yọ pẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé aṣọ náà sí imú. Wọ́n fà á símú dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè pàtàkì.

"Òórùn oòrùn," wọ́n ní.

Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìdáhùn ni wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já mọ́ mi lẹ́nu, ó já mọ́ àwọn náà lẹ́nu, mo sì di ikùn mi mú nítorí ojú ibi tí wọ́n rán, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má wo ojú wọn. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ yà sí ẹkún nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí a dákẹ́, mo fa àga kan tó wà nídìí ògiri wá sábẹ́ okùn aṣọ. Mo jókòó. Mo ṣí àyà bùbá mi sílẹ̀, mo gbé ojú sókè.

"Kí lò ń ṣe, ìyàwó?"

"Mò ń sá ara mi."

Wọ́n wò mí. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kàn ká aṣọ náà, wọ́n fi lé mi láyà, wọ́n sì bọ́ síbi tí òjìji wọn kò ti ní bò mí. A wà níbẹ̀ títí ara mi fi gbóná dáadáa.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ, a fọwọ́. Tèmi tètè tán. Màmá fọ tiwọn dé ìgúnpá, wọ́n ṣan án, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ rọra," Ẹ-Rọra ní. "Ṣé ẹ fẹ́ bó awọ ara yín ni?"

Ibẹ̀ móoru, kò sì sí ariwo. Àwọn àpótí tò lọ. Ìyá Ìbejì wà ní ìkángun kan, ọ̀kan láyà rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo rí i tí ẹnu rẹ̀ pa dé. Ẹ-Rọra mú mi dé ìdí àpótí kan. Mo wò ó. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọmọ mi nínú gbogbo wọn, ǹ bá ti mú ti ẹlòmíì. Ìyẹn náà dùn mí.

Wọ́n fi mí jókòó, Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ-Rọra gbé e jáde pẹ̀lú rọ́bà àti okùn rẹ̀, ó tò ó sí àyà mi, ara sí ara, ó fi aṣọ bò wá. Kò wúwo. Ó gbóná. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, irun rẹ̀ rọ̀ bíi ti òròmọdìẹ. Ó le gbagidi lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dì, ó yí imú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mi ò mí. Ọmọ yí imú kan àyà mi, níbi tí oòrùn ti pa mí, ó dúró síbẹ̀. Ó fà á símú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Bóyá èmi ló mọ̀ o, bóyá oòrùn ni. Mi ò bèèrè. Omijé mi ń kán sórí rẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa kán.

Ó sùn wọra. Ara rẹ̀ dẹ̀ pátá lé mi lórí. Ẹ̀rọ bá ké.

Mo gbójú sókè. Ẹ-Rọra wà nídìí àpótí mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi kan ti orí ọmọ, èkejì gbé ìdí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá tú èyíkéyìí, yóò já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ jáde lábẹ́ aṣọ, lọ́dọ̀ Màmá.

"Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀," Ẹ-Rọra ní láìyíjú. "Ẹ fi ìka ta á."

Màmá na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé agbedeméjì, ó dúró. Ẹ̀rọ ń ké. Mo wo ẹnu ọmọ mi, ó ti ń ṣú.

"Màmá!"

"Ìyàwó, ọwọ́ mi..."

"Ọwọ́ yín mọ́!" Igbe ni mo fi bọnu. Gbogbo yàrá gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí n rọra. "Màmá, ọwọ́ yín mọ́! Ọwọ́ yín mọ́ látijọ́!"

Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìka kan péré, ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ta á bí èèyàn ṣe ń ta èèrà kúrò lára aṣọ. Ọmọ fò díẹ̀ láyà mi. Ó ṣe hìn-ín, bí ẹni tí wọ́n jí tí inú ń bí, ó sì mí. Ó tún mí. Ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún imú rẹ̀ rì mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Onígbàgbé," Ẹ-Rọra ní láti ibi tó wà. "Ẹ ṣeun, Màmá."

Màmá yí padà. Ẹsẹ̀ wọn ti gbé wọn dé ìdí ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó mọ̀, ọwọ́ wọn ti wà lára rẹ̀, ọṣẹ wà níwájú wọn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ìka tí wọ́n fi kan ọmọ sókè, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e sí imú. Wọn ò ṣí omi.

"Ìyàwó," wọ́n ní, ohùn wọn kò jáde tán. "Òórùn rẹ̀ nìyí."

Mo ní kí wọ́n fa àga wá, kí wọ́n jókòó sọ́dọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.